Kí ló dé tí ínhélà búlúù kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹni tó ń fà á lójoojúmọ́?

Ọmọ_ÒkèṢọ́pẹ̀n

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Alárẹ. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwa tá à ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kéékèèké ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a ò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. Ẹni tó ní ásímà, ikọ́ séèémí, á ra salbutamol, ínhélà búlúù yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, àyà ṣí. Tó bá di oṣù mélòó kan, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, á wá ní ayédèrú la tà fún òun. Àwọn kan láàárín wa ní kí á fi hóró salbutamol 4 mílígíráàmù kún un. Àwọn mìíràn ní ara rẹ̀ ló ti mọ oògùn náà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa receptor, bí oògùn ṣe ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, là á yé wa. Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń rẹ receptor? Kí la sì lè ṣe fún oníbàárà lórí káńtà?

---

Olùkọ́_ÀgọÌwòyè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ilé wa wọ̀ ọ́. Kó tó di ogun Ìmagbọn ní 1892, àjèjì kì í ṣàdédé wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó dé ẹnu ibodè, oníbodè gba àrokò lọ́wọ́ rẹ̀, oníbodè ló rán ẹlòmíràn wọlé lọ jíṣẹ́. Àlejò dúró síta. Bí salbutamol ṣe ń ṣe nìyẹn. Iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká ni ìlú, receptor beta-2 tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan náà ni oníbodè.

Purotéènì ni receptor yìí. Ó dà bí okùn tí wọ́n fi rán awọ sẹ́ẹ̀lì, tó wọlé tó jáde nígbà méje. Tí salbutamol bá bọ́ sínú kòtò tó wà lápá ìta, okùn yẹn á yíra padà, apá inú á ṣí sílẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Gs ló ń dúró dè é níbẹ̀. Gs á ju èròjà kékeré GDP ọwọ́ rẹ̀ nù, á gba GTP dípò rẹ̀, á pín sí méjì, apá alfa rẹ̀ á lọ kan ẹ̀nzáìmù adenylyl cyclase lára. Ẹ̀nzáìmù yìí á wá máa sọ ATP, èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì, di cAMP, ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ cAMP láti inú àrokò kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí oògùn tí kò ju 100 máíkírógíráàmù lọ nínú ìfọ́n kan fi lè ṣí àyà odindi ènìyàn. cAMP jí ẹ̀nzáìmù PKA, PKA dí ọwọ́ ẹ̀nzáìmù tó ń fún iṣan pọ̀, kálíṣíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀, iṣan dẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 5 èémí ti ń wọlé dáadáa, ó sì lè tó wákàtí 4 sí 6 kó tó tán. Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ti gba ẹ̀bùn Nobel mẹ́ta: Sutherland ní 1971 nítorí cAMP, Gilman àti Rodbell ní 1994 nítorí purotéènì G, Lefkowitz àti Kobilka ní 2012 nítorí receptor fúnra rẹ̀.

Wàyí o, tí àlejò bá ń kan ibodè láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ìlú á gbé ìgbésẹ̀. Ẹ̀nzáìmù GRK á lẹ fọ́síféètì mọ́ ìrù receptor, purotéènì tó ń jẹ́ beta-arrestin á wá jókòó lé ibẹ̀, Gs ò ní ráyè mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nìyẹn ń gbà. Tó bá tún pẹ́ sí i, awọ sẹ́ẹ̀lì á gbé receptor náà mì. Òmíràn á padà síta, òmíràn á di jíjẹ nínú lọ́hùn-ún, iye oníbodè á sì dín kù. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé ara ti mọ oògùn kò parọ́.

---

Apoògùn_Ìlíṣàn

Àlàyé Olùkọ́ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù lé oníbodè lórí. Receptor beta-2 pọ̀ lára iṣan ju iye tí iṣan nílò lọ, nítorí náà bí díẹ̀ bá wọlé lọ, iṣan ṣì lè dẹ̀. Ara mast cell, sẹ́ẹ̀lì àjẹsára kan ní ọ̀nà èémí, ni ìpalára náà ti tètè ń hàn. Sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń tú histamine àti leukotriene, àwọn èròjà tó ń fún ọ̀nà èémí, jáde, oníbodè tirẹ̀ kò sì pọ̀. Tí wọ́n bá ti dín kù, eruku kékeré tí kò ṣe ẹni náà ní nǹkan tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lára. Ó ń fa búlúù sí i, àyà rẹ̀ sì ń yára bínú sí i.

Ìdí tó tún wúwo jù ú lọ ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń dí ọ̀nà èémí: iṣan fún, ògiri wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú. Iṣan nìkan ni salbutamol lè bá sọ̀rọ̀. Wíwú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bó ti wù kí oníbàárà fà á tó, ògiri tó ti wú kò ní fà sẹ́yìn.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn: beclometasone, budesonide, fluticasone. Òun kì í dúró ní ibodè rárá. Ọlọ́ràá ni, ó ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, ó lọ bá receptor tirẹ̀ tó wà nínú ilé, tí purotéènì HSP90 dì mú. Àwọn méjèèjì á jọ wọ ààfin lọ, ìyẹn núkílíọ́ọ̀sì, ibi tí àwọn jíìnì wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa àwọn jíìnì tó ń pe eosinophil, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ògiri wú, wá sí ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu mọ́. Wọ́n tún ń jí jíìnì tó ń ṣe receptor beta-2. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: sítẹ́rọ́ọ̀dù ló ń gba oníbodè tuntun síṣẹ́ rọ́pò àwọn tó ti lọ. Ẹni tó bá ń fa búlúù nìkan ń lo oníbodè láìgba òmíràn.

Àmọ́ iṣẹ́ ààfin kì í yá. Ó ń gba wákàtí mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ kó tó hàn dáadáa. Ibi tí oníbàárà ti ń ṣìnà nìyẹn. Ó fa ínhélà sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, lónìí, kò rí ìyàtọ̀, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí èyí ni GINA, àjọ tó ń kọ ìlànà ásímà fún gbogbo àgbáyé, fi sọ láti 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba má lo búlúù nìkan mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ jù ni budesonide àti formoterol nínú ínhélà kan náà. Formoterol ń kan beta-2 kíákíá bíi salbutamol, ó sì ń pẹ́ tó wákàtí 12, sítẹ́rọ́ọ̀dù sì ń bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n kọ 200/6 sí lára (máíkírógíráàmù budesonide 200, formoterol 6), ìfọ́n kan nígbà tí àyà bá há, kò gbọdọ̀ ju ìfọ́n 12 lọ lójúmọ́. Ẹ má fi èyí tó ní salmeterol dípò rẹ̀. Salmeterol kì í yá, kò sì yẹ fún ìgbà tí èémí bá há.

Ní ti hóró 4 mílígíráàmù, ẹ ṣírò rẹ̀: 4,000 máíkírógíráàmù ni, ìfọ́n 40 nínú hóró kan. Ó gba ikùn, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó dé ibi gbogbo, díẹ̀ ló dé àyà. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, nítorí beta-2 wà lára iṣan apá náà, ọkàn á máa sáré, potasíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ má fi kún un.

---

Ọmọ_ÒkèṢọ́pẹ̀n

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ oníbodè tuntun yẹn, ibẹ̀ ló ti là sí mi. Ṣùgbọ́n èyí tó pa méjèèjì pọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kéde ní 2023 pé àwọn ò ní ta oògùn tààrà ní Nàìjíríà mọ́, owó ínhélà ti ga. Kí ni ká sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó?

---

Apoògùn_Ìlíṣàn

Kí ó ra beclometasone lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Ìgbàkígbà tó bá fa búlúù, kó fa beclometasone tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìlànà náà gba bẹ́ẹ̀ láyè. Ẹni tí àyà ń há lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, tàbí tí oorun rẹ̀ ń já lóru, kó máa fa beclometasone láàárọ̀ àti lálẹ́ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. Lẹ́yìn gbogbo ìfàsímú sítẹ́rọ́ọ̀dù, kó fi omi fọ ẹnu, kó tu ú dà nù. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fa funfun orí ahọ́n àti ohùn tó há.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lórí káńtà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ déètì sára agolo gbogbo búlúù tí ẹ bá tà. Agolo kan ní ìfọ́n 200. Ẹni tó bá lo mẹ́ta láàárín ọdún kan, ewu ìkọlù ńlá ti pọ̀ sí i fún un. Ẹni tó bá lo 12, agolo kan lóṣù kan, ewu ikú ń lé e. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa rí i ṣáájú dókítà.

---

Nọ́ọ̀sì_Mákùn

Ẹ kú àpérò o. Kí ẹ tó ní receptor ti rẹ̀ tàbí oògùn jẹ́ ayédèrú, ẹ ní kí oníbàárà fà á lójú yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn náà kò dé ibodè rárá, ahọ́n ló gbà á.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Kó gbọn agolo. Tó bá jẹ́ tuntun tàbí tó ti pẹ́ tó ti lò ó kẹ́yìn, kó kọ́kọ́ fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kó mí èémí jáde tán. Kó fi ètè dì í yíká, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfàsímú náà, kó ṣì máa fà á lọ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5. Kó dá èémí dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kó sinmi díẹ̀ kó tó fa èkejì. Tí ẹ bá rí èéfín funfun tó ń jáde ní igun ẹnu tàbí nímú, ó ti ṣòfò. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ tún ti bà á jẹ́. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tí kì í fọ́n fúnra rẹ̀, yàtọ̀ pátápátá: òun ni ènìyàn ń fà kíákíá pẹ̀lú agbára.

Ọmọdé àti àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá èémí rẹ̀ mu nílò spacer, ike tí wọ́n ń fi sáàárín ínhélà àti ẹnu. Bí wọn ò bá rówó rà á, ìgò omi oníke ti 50 cl tó. Àwọn dókítà ọmọdé ní Cape Town, tí Heather Zar wà lára wọn, dán an wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999: ìgò mílílítà 500 tí wọ́n dí etí rẹ̀ dáadáa ṣiṣẹ́ tó spacer tí wọ́n rà.

Ẹ mú wáyà tó nípọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ẹnu ínhélà náà gẹ́lẹ́, ẹ fi iná gbóná rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìgò, ní òdì kejì ọrùn. Ike á yọ́, ihò á jáde. Kí ẹ tó gbóná wáyà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ẹnu ínhélà wọ̀n ọ́n. Ihò gbọ́dọ̀ há díẹ̀, torí fífẹ̀ ẹ́ sí i rọrùn ju dídí i lọ. Ẹ fi tépù tàbí gúlúù dí etí rẹ̀ yíká. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ inú ìgò, ẹ dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún. Ike tí wọ́n fi aṣọ nù ní agbára iná kan tó ń fa oògùn mọ́ ògiri, kò sì ní dé ẹnu ọmọ.

Ọmọ á fi ẹnu di ọrùn ìgò, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á mí wọlé mí jáde nígbà 5 tàbí 6 láìyọ ẹnu. Ẹ gbọn ínhélà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí kò tíì lè di ọrùn ìgò mú nílò spacer tó ní ìbòmú, ẹ má fi ìgò tàn án.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ju agolo sínú omi láti wò ó bóyá ó ti tán. Léfòó tàbí rírì rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, omi á sì ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

---

Ìyá_Alágàárì_Ọ̀dọ̀gbolú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àwọn obìnrin tó ń yan gàárì, àwọn tó ní àìsàn yìí wà. Èéfín ló ń dá a sílẹ̀, wọ́n á sì lọ ra Piriton. Kí ló dé tí Piriton kì í fi í dá a dúró?

---

Olùkọ́_ÀgọÌwòyè

Ẹ kú làálàá, Ìyá. Èéfín ń gba ibodè mìíràn. Ó ń ta àwọn ẹ̀sọ ara (nerve) kan ní ọ̀nà èémí, àwọn ẹ̀sọ náà á tú èròjà acetylcholine jáde, yóò sì lọ kan receptor M3 lára iṣan. Oníbodè yìí òdì kejì beta-2 ni. Purotéènì tirẹ̀ ni Gq, tó ń ṣe IP3, IP3 sì ń ṣí àpò tí kálíṣíọ̀mù wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Kálíṣíọ̀mù dà síta, iṣan fún. Ipratropium tí wọ́n ń fi kún nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu fún fífà, nílé ìwòsàn, M3 ló ń dí.

Piriton ń dí receptor histamine H1. Ó wúlò fún imú tó ń ṣomi àti ara tó ń yún. Ṣùgbọ́n nínú ásímà, leukotriene ló ń fún ọ̀nà èémí pa jù, ó sì lágbára ju histamine lọ fíìfíì. Receptor tirẹ̀ ń jẹ́ CysLT1, Piriton kò sì kàn án rárá. Montelukast ló ń dí i: 10 mílígíráàmù lálẹ́ fún àgbàlagbà, 5 fún ọmọ ọdún 6 sí 14, 4 fún ọmọ ọdún 2 sí 5. Ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó ga jù lọ sára rẹ̀, torí ó lè da oorun àti ọkàn ènìyàn rú. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá burúkú tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ní ti ibi ìyangàárì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tí èéfín ń gbà jáde yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí alágàárì jókòó sí, kí ògiri wà láàárín ẹnu ààrò àti ẹni tó ń yan. Kí igi gbẹ dáadáa. Kí wọ́n fún gbágùúdá gan-an kó tó dé orí ààrò, torí èyí tó ṣì lómi ń pẹ́ lórí iná, èémí rẹ̀ sì ń le. Síbẹ̀, ẹni tó ní ásímà tí kò fa sítẹ́rọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní fi ògiri nìkan bọ́.

---

Apoògùn_Ìlíṣàn

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ohun tó ń dí ibodè láìmọ̀ kún un.

Propranolol, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn tó ń já àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ń jókòó sínú kòtò beta-2 láìjíṣẹ́ kankan, salbutamol á sì dé, kò ní ráyè. Timolol tí wọ́n ń kán sójú fún gíláúkómà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń gba ihò omijé wọ imú, ó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹkán méjì lójú ti tó láti há àyà pa. Kí gbogbo ẹni tó ní ásímà sọ ọ́ fún oníṣègùn ojú.

Aspirin àti ibuprofen ń dí ẹ̀nzáìmù COX, èròjà tó yẹ kó di prostaglandin á yà sọ́nà leukotriene. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe, bíi 7 nínú àgbàlagbà 100 tó ní ásímà, pàápàá àwọn tí ẹran hù nímú wọn. Ẹ rántí pé aspirin ló wà nínú Alábùkún. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí, paracetamol ni kí ẹ fún un.

Obì wá ńkọ́, níwọ̀n bí a ti jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ? Kaféènì inú rẹ̀ jẹ́ ìbátan theophylline, ó sì ń ṣí ọ̀nà èémí díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Òtítọ́ wà nínú ohun tí àwọn àgbà rí. Ṣùgbọ́n kò tó oògùn, ewu rẹ̀ sì wà lára ẹni tó ń lo aminophylline, oògùn ásímà tó ní theophylline nínú. Ẹ̀nzáìmù kan náà ní ẹ̀dọ̀ ló ń tú kaféènì àti theophylline ká. Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, ń dí ẹ̀nzáìmù yẹn. Ẹni tó ń lo aminophylline tí ẹ ta ciprofloxacin fún, theophylline á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èébì á kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ọkàn tó ń sáré, tó fi dé gìrì. Ẹ béèrè kí ẹ tó ta á.

---

Nọ́ọ̀sì_Mákùn

Ẹ jẹ́ ká sọ ti pàjáwìrì, torí ó ń ṣẹlẹ̀ ní iwájú káńtà. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 92 nínú 100, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má dúró dè ìyípadà. Ẹ gbé e jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀. Salbutamol ìfọ́n 4 sí 10 nínú spacer, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20-20 fún wákàtí kìíní, kí ó sì jẹ́ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni. OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni àyà tó dákẹ́. Ó ti ń hu fíì-fíì tẹ́lẹ̀, ó wá dákẹ́, oorun sì ń kùn ún. Àwọn ará ilé á ní ó ti rọ̀ ọ́. Kò rọ̀ ọ́ o. Afẹ́fẹ́ tó lè hu ni kò wọlé mọ́. Ẹ má fún un ní Valium láé, ó lè dá èémí tó kù dúró.

---

Ọmọ_ÒkèṢọ́pẹ̀n

Ẹ kú àdúrótì. Oníbàárà kan bi wá nípa abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń gbà ní òkè òkun.

---

Olùkọ́_ÀgọÌwòyè

Wọ́n wà. Omalizumab, 2003, ń gba IgE, èròjà àjẹsára tó ń fa àlájì, mú kó tó dé ara mast cell. Mepolizumab, 2015, ń mú IL-5, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó ń bọ́ eosinophil, benralizumab sì ń dí receptor IL-5 fúnra rẹ̀. Dupilumab ń dí receptor tí IL-4 àti IL-13 jọ ń lò. Wọ́n wà fún ásímà líle tí ínhélà tí wọ́n fà dáadáa kò ká, wọ́n wọ́n gan-an, inú fíríìjì ni wọ́n sì ń gbé, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 Celsius. Kí ẹ tó ronú dé ibẹ̀, ẹ wò ó bí ẹni náà ṣe ń fa ínhélà tirẹ̀.

---

Ọmọ_ÒkèṢọ́pẹ̀n

A ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ déètì sára agolo. Ọ̀rọ̀ ìgò tó kù: tí ihò ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ jù, ṣé a ṣì lè lò ó?

---

Nọ́ọ̀sì_Mákùn

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò tó èyí tó há. Nínú àyẹ̀wò Cape Town yẹn, ìgò tí wọn kò dí etí rẹ̀ wà ní àárín, ife fóòmù ló gbẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá ní ìgò mìíràn lọ́wọ́, ẹ wé tépù mọ́ ẹnu ínhélà títí tó fi há, kí ọmọ rí oògùn lò lálẹ́ òní. Lọ́la, ẹ gbẹ́ tuntun.